Ẹ̀yin tí ẹ ṣe eré ìtàgé nígbà èwe, ipa wo ni wọ́n fún yín, kí ló sì kù lọ́kàn yín?

Ọmọ-Ìtàgé

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ sọ. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọmọdé kan ń ṣe ríhásà ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi, ohùn wọn sì ń wọlé sí mi létí ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi ò ní sí lára iṣẹ́ mọ́. Gbogbo eré tí a ṣe nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á wá máa padà bọ̀ sí mi lọ́kàn.

Ipa ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n fún mi. Gbólóhùn kan péré ni mo ní: "Kábíyèsí, àlejò ti dé sí ẹnu ọ̀nà." Mo sọ ọ́ nínú ilé, mo sọ ọ́ lójú ọ̀nà, mo kọjú sí ògiri sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì lọ́dún yẹn, mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì mọ ẹsẹ̀ tí mo fi wọ orí ìtàgé, mo mọ ibi tí mo dúró, mo mọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo rántí ọ̀rọ̀ àwọn yòókù náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, torí pé mo ní láti tẹ́tí sí gbogbo wọn kí n tó mọ ìgbà tó kàn mí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Yálà nílé ìwé ni ẹ ti ṣeré tàbí ládùúgbò, ipa wo ni wọ́n fún yín? Ẹ má sọ pé ipa yín kéré o. Àwọn tí ipa wọn kéré gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ̀yìn-Aṣọ-Ìkélé

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé, mi ò jáde síwájú òǹwòran rí, síbẹ̀ kò sí eré kan tí a ṣe tí mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àyè mi. Èmi ni mo ń mú ìwé eré dání, tí mò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, èmi ni màá rán an létí.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ìdákẹ́ oríṣi méjì ló wà lórí ìtàgé. Ọ̀kan ni ti òṣèré tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè wọ òǹwòran lára, èkejì ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sọ nù mọ́ lẹ́nu. Bí o bá rán ti àkọ́kọ́ létí, o ti ba adùn ibẹ̀ jẹ́. Bí o bá sì pẹ́ kí o tó rán ti èkejì létí, gbogbo gbọ̀ngàn ti mọ̀. Èémí wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, èémí rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbàgbé, èjìká rẹ̀ á gbéra sókè, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà nìkan ni màá sọ, ní ohùn ìsàlẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ketekete. Ìyókù á jáde fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtàgé ilẹ̀ Yúróòpù, inú àpótí kékeré kan tí wọ́n ṣe sí iwájú ìtàgé ni ẹni tó ń rán òṣèré létí máa ń jókòó. Àwọn òṣèré ń rí ojú rẹ̀, àwọn òǹwòran ò rí i. Àwọn ilé ọpẹ́rà kan ṣì ń lo irú àpótí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí àwòrán rẹ̀, torí mo rí i pé àwọn kan ti bọ̀wọ̀ fún ipò yẹn débi pé wọ́n kọ́ yàrá fún un.

Kìnnìún-Páálí

Kìnnìún lèmi! Páálí ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, okùn ni wọ́n tú fi ṣe gọ̀gọ̀ rẹ̀. Ihò ẹnu kìnnìún ni mo ti ń ríran. Ooru inú rẹ̀ pọ̀, òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìbòjú yẹn ni pé ojú nìkan kọ́ la fi ń ṣeré. Bí kìnnìún bá ń bínú, èjìká mi ló gbọ́dọ̀ bínú. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, orúnkún mi ló máa sọ ọ́. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Òṣèré wọn ń dé ìbòjú tó bo gbogbo orí, nínú eré wọn tó dá lórí ìbànújẹ́ sì rèé, òṣèré mẹ́ta péré ló máa ń pín gbogbo ipa tó ní ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó wọlé bí ọba lè padà wọlé bí ìránṣẹ́, bó bá ti pààrọ̀ ìbòjú, tó sì yí ìrìn padà. Ọmọ-Ìtàgé, ẹ wò ó, ìránṣẹ́ àti ọba lè jẹ́ ẹnì kan náà níbẹ̀.

Ohùn-Iwájú

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa tí wọ́n gbé ipa ńlá fún. Gbogbo yín ń sọ bíi pé àwa la gbádùn jù.

Èmi ni olórí òṣèré nínú ọ̀pọ̀ eré ilé ìwé wa, torí ohùn mi ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú àwọn òbí mi ń dùn. Ṣùgbọ́n kí aṣọ ìkélé tó ká, ọwọ́ mi á tutù, ẹnu mi á gbẹ, àyà mi á máa lù kìkì. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, torí gbogbo ènìyàn ló gbà pé èmi kì í bẹ̀rù. Ó pẹ́ kí n tó kà á pé ara gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fẹ́ dúró síwájú èrò, ara á tú ohun tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ohun náà ló ń mú kí ọkàn sáré, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kúrò ní ìka ọwọ́ lọ síbi tí agbára wà, tí itọ́ fi ń gbẹ. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ sá fún ewu. Òṣèré tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá máa ń ní i.

Ìyàwó tíṣà wa, tó ń bá wa tún aṣọ wọ̀, ló rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan. Kò sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ó ní kí n máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, ó sì di ọwọ́ mi mú títí tí wọ́n fi pè mí. Mo ṣì ń ṣe é kí n tó bá èrò sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní ọmọ tó dà bíi pé ó láyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè.

Ojú-Ń-Tì-Mí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n sọ tèmi. Tèmi ò dùn.

Ọmọ tójú ń tì ni mí. Tíṣà kan pinnu pé eré ni yóò wò mí sàn, ló bá fún mi ní ipa asọ̀tàn, ọ̀rọ̀ tó gùn, tí màá dá nìkan dúró sọ níwájú. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́. Ó ní màá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pérépéré, kò sí èyí tí mo gbàgbé, ṣùgbọ́n ohùn mi kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "A ò gbọ́!" Tíṣà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe sí mi pé kí n gbé ohùn sókè. Mo sunkún délé, mi ò sì gùn orí ìtàgé mọ́.

Inú mi dùn sí ìrántí yín, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé eré dára fún gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Tíṣà-Eré

Ojú-Ń-Tì-Mí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí láti ka èyí. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, mo sì ti ń darí eré àwọn ọmọdé tipẹ́. Ẹni tó fún yín ní ipa yẹn ló jẹ̀bi o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ tójú ń tì, tí wọ́n bá fi í síbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti máa dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti fi í síbi tó ń bẹ̀rù jù láyé.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mi ò kí ń pín ipa títí a ó fi ṣeré pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Viola Spolin, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé nípa eré àìkọsílẹ̀, ìyẹn eré tí òṣèré ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìsí ìwé eré, ìwé náà jáde lọ́dún 1963, ló fún wa ní ọ̀pọ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí èdè wọn àti ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀ síra ló kọ́kọ́ lò wọ́n fún ní Chicago. Nínú ọ̀kan, ọmọ méjì á kọjú síra, ọ̀kan á máa rọra mira, èkejì á máa ṣe bíi dígí tó ń wò ó. Tó bá yá, mo máa ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí n mọ ẹni tó ń ṣáájú. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ọmọ tó ń farabalẹ̀ wo ẹlòmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tójú ń tì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù! Ẹnu wọn ò yá, ṣùgbọ́n ojú wọn mú.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi í sáàárín àwọn méjì mìíràn. Wọ́n jọ wọlé, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n jọ jáde. Tó bá sì ní òun ò fẹ́ jáde rárá, iṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Níbi kan ni mi ò ti bá yín gbà. Ẹ ní ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, kí a fi í sílẹ̀. Ọmọ míràn á ní òun ò fẹ́ torí pé kò tíì rí ibi tó bá a mu. Mo máa ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ibòmíràn, láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bó bá tún ní rárá, ó parí.

Ọkùnrin-Tó-Ṣe-Ìyá

Ọ̀rọ̀ fífi ipá mú ọmọ ṣeré yìí ti wà tipẹ́. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré kan wà tó jẹ́ pé ọmọkùnrin kéékèèké nìkan ló ń ṣeré níbẹ̀. Àwọn tó ń darí wọn ní àṣẹ ọba láti mú ọmọ tó bá lóhùn orin. Ní ọdún 1600, wọ́n gbé ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Thomas Clifton lójú ọ̀nà ilé ìwé, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtàgé Blackfriars, wọ́n sì gbé ìwé eré lé e lọ́wọ́ pé kó máa kọ́ ọ sórí. Bàbá rẹ̀ lọ gbà á padà, ó sì fi ẹjọ́ sùn. Tí mo bá rántí ìtàn yẹn, mo máa ń ro bí ọwọ́ ọmọ náà á ṣe máa gbọ̀n lórí ìwé.

Tèmi yàtọ̀ pátápátá. Ilé ìwé ọkùnrin nìkan ni mo lọ, wọ́n sì ní kí n ṣe ìyá nínú eré kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ló ń ṣe ipa obìnrin lórí ìtàgé ìlú títí di ọdún 1660, nítorí náà mi ò dá nìkan wà. Mo lọ jókòó ti ìyá mi lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, mò ń wo bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń yíjú tí ẹnì kan bá pè é, bó ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá dìde. Mo rí i pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni mí, inú ilé kan náà la wà, àfi ìgbà tí mo fẹ́ ṣe é lórí ìtàgé ni mo tó wò ó dáadáa.

Ó wá wo eré náà. Nígbà tí mo fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn dìde, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láàárín èrò.

Ọmọ-Ìtàgé

Ọkùnrin-Tó-Ṣe-Ìyá, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣeun.

Mo ní ìbéèrè fún ẹni tó bá mọ̀. Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ eré fi ń pẹ́ lọ́pọlọ tó báyìí? Ewì tí wọ́n ní ká kọ́ sórí nígbà náà ti lọ. Gbólóhùn ìránṣẹ́ ọba ò lọ.

Onímọ̀-Ìrántí

Ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ ni mo kà, ó sì wù mí láti dáhùn èyí. Helga Noice àti Tony Noice, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí bí òṣèré ṣe ń rántí ọ̀rọ̀. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ni ìyá, òṣèré àti olùdarí eré ni bàbá. Wọ́n rí i pé òṣèré kì í kọ́kọ́ kọ́ ọ̀rọ̀ sórí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni ẹni yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni, àbí ó fẹ́ dẹ́rù bà á? Bó bá ti mọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n tún rí i pé ọ̀rọ̀ tí òṣèré sọ bó ṣe ń rìn tàbí tó ń ṣe nǹkan máa ń pẹ́ lọ́pọlọ ju èyí tó sọ lórí ìdúró lọ, kódà lẹ́yìn tí eré ti kásẹ̀.

Ẹ wá wo tiyín. Ewì, ẹ jókòó ka á. Ti ìránṣẹ́ ọba, ẹ wọlé, ẹ rìn, ẹ dúró síbì kan, ẹnì kan gan-an sì wà níwájú yín tó fẹ́ gbọ́ pé àlejò dé. Ẹsẹ̀ yín bá yín rántí rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí tilẹ̀ ti kọ́ àwọn àgbàlagbà ní eré ṣíṣe, ìrántí àwọn arúgbó náà sì dára sí i nígbà tí wọ́n dán wọn wò.

Gbọ̀ngàn-Àdúgbò

Ẹ̀yin ń sọ ti ilé ìwé, èmi ò ṣe ti ilé ìwé rí. Eré àdúgbò ni tèmi, tí arúgbó, ọ̀dọ́ àti ọmọdé jọ ń ṣe. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe lè jẹ́ ọba, kí dókítà wá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Mo wà lọ́mọdé, bàbá àgbàlagbà kan sì máa ń wá bá mi pé, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ tìrẹ kí n lè sọ tèmi." A óò jókòó sórí àga ẹ̀yìn, a ó máa sọ ọ́ lọ, a ó máa sọ ọ́ bọ̀. Lóde, mi ò lè ṣàdédé bá a sọ̀rọ̀. Nínú eré, ó nílò mi.

Ní Oberammergau, abúlé kan ní ilẹ̀ Jámánì, irú eré báyìí ti lé ní 350 ọdún. Ní ọdún 1633, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá àwọn sí, àwọn yóò máa ṣe eré ìjìyà Jésù. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní 1634, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí. Èyí tó yẹ kó wáyé ní 2020, àrùn kòrónà sún un sí 2022. Ará abúlé náà ló ń kó gbogbo ipa, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Láti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ń fi irun orí àti irùngbọ̀n sílẹ̀ kó hù. Ọmọ tó wà láàárín èrò lónìí lè di Pétérù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì máa wo ọmọ tirẹ̀ láàárín èrò kan náà. Ó wù mí kí n débẹ̀.

Abẹ́rẹ́-Àti-Òwú

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ran aṣọ o! Màmá mi ló ran gbogbo aṣọ eré wa, aṣọ fèrèsé àtijọ́ ló fi ṣe agbádá ọba. Ọba náà ò lè rìn dáadáa títí dìgbà tí wọ́n wọ aṣọ yẹn fún un. Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ fún un báyìí, ọrùn rẹ̀ nà.

Ojú-Ń-Tì-Mí

Ẹ ṣeun, gbogbo yín, pàápàá Tíṣà-Eré. Mo ti ka èsì yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé a ò gbọ́dọ̀ fipá mú ọmọ. Ṣùgbọ́n mo gba ti pé kí a bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ mi fi mí jọ gan-an. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣeré, kò sì fẹ́ jáde. Mo ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn-Aṣọ-Ìkélé sí i létí, ló bá ní irú iṣẹ́ yẹn lòun fẹ́. Olùkọ́ wọn ti gbà. Ẹ̀gbọ́n, kí ló yẹ kí n sọ fún un?

Ẹ̀yìn-Aṣọ-Ìkélé

Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn! Ẹ sọ fún un pé kó má pa ríhásà kankan jẹ, torí ibẹ̀ ló ti máa mọ bí oníkálùkù ṣe ń mí. Kó lo pẹ́ńsù, kó máa fa ìlà kékeré síbi gbogbo tí òṣèré ti ń mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, kó má bàa já lu ọ̀rọ̀ wọn. Kó bèèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rù àtigbàgbé. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n. Eré á fẹ́ dùn mọ́ ọn, á fẹ́ gbójú sókè wòran, kó má ṣe é o, kí ojú rẹ̀ wà lórí ìwé. Kí wọ́n fún un ní tọ́ọ̀ṣì kékeré, torí òkùnkùn máa ń wà lẹ́yìn níbẹ̀, kí wọ́n sì fi bébà aláwọ̀ bo iná rẹ̀ kó má bàa tàn síta. Lẹ́yìn eré, kó bá wọn jáde lọ tẹríba fún òǹwòran tó bá wù ú. Tí kò bá wù ú, kó dúró síbẹ̀, wọ́n á wá bá a.